Jan Kubelík: Ọmọ Olùtọ́jú Ọgbà Tí Ó Di Ọ̀gá Fáyólíìnì

Bí ẹ bá ti rí onígòjé rí lójú agbo, ẹ ó ti mọ̀ bí ohun kékeré ti lè gbé ohùn ńlá. Igbá kan, awọ tí a fi bò ó, okùn irun ìrù ẹṣin kan ṣoṣo, àti ọrun tí a fi ń fà á: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n bá fà á, ẹni tí ń kọjá lọ a dúró. Àwọn òyìnbó ní ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fáyólíìnì. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, okùn mẹ́rin ni ó sì ní. Èjìká òsì ni a ń gbé e lé, lábẹ́ àgbọ̀n. Ọwọ́ òsì a máa tẹ okùn, ọwọ́ ọ̀tún a máa fa ọrun. Kò sí àmì kan lórí ọrùn rẹ̀ tí ń sọ fún ìka pé, "Níhìn-ín ni kí o tẹ̀." Bí ìka bá sì ṣìnà díẹ̀ kínún, etí gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀.

Ọkùnrin kan tí ó mọ ohun-èlò yìí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Jan Kubelík, ará ilẹ̀ Bohemia, ọ̀kan nínú ìran àwọn Czech. Ìgbà kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣe àjèjì létí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn orin ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ni kò mọ ti bàbá mọ́. Kí ni ó gbé e ga tó bẹ́ẹ̀? Kí ni ó sì kù nígbà tí àtẹ́wọ́ dákẹ́? Ìbéèrè méjì yìí ni ó mú wa kọ ìwé yìí, nítorí kò sí ilé tí ọmọ wà tí wọn kò kàn.

NÍLÉ OLÙTỌ́JÚ ỌGBÀ

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1880, ni a bí Jan Kubelík ní Michle, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Prague, èyí tí ó ti di ara ìlú náà lónìí. Ní àkókò náà àwọn Czech kò dá ìjọba ṣe. Abẹ́ ọba Austria àti Họ́ngárì ni wọ́n wà. Orin wà nínú ohun tí wọ́n fi ń yangàn láàárín àwọn ìran yòókù, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á lówe láàárín ara wọn pé, ẹni tí ó bá ti jẹ́ Czech, olórin ni.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń di ọkọ́ mú náà ni ó ń di fáyólíìnì mú, ó sì fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. Jan kò ju ọmọ ọdún 5 lọ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1888, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 8, ó dúró níwájú àwùjọ ní Prague, ó sì ta fáyólíìnì fún wọn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni àwọn àgbà wa wí. Kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó wà ní ọwọ́ ọmọ yìí. Bàbá tí ń ro ọgbà ni. Ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá rí ọmọ tí etí rẹ̀ fà sí orin jù, ẹ̀rù a bà wọ́n pé alágbe ni ó fẹ́ dà, wọn a sì gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Jan kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi kún un ni.

Ọ̀GÁ ŠEVČÍK ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní ọdún 1892, nígbà tí ọmọ náà di ẹni ọdún 12, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ti Prague. Ní ọdún náà gan-an ni olùkọ́ kan tí a ń pè ní Otakar Ševčík bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ Kubelík.

Ševčík wòye pé ohun tí ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara ni pé a ń gbé odindi òkè ka iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ó fọ́ òkè náà sí wẹ́wẹ́. Ìka mẹ́rin ni ń tẹ okùn: ó wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí ìka mẹ́rin lè gbà tẹ̀lé ara wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọrun lè lọ gùn, ó lè lọ kúkúrú, ó lè fò lórí okùn, ó lè rọra bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ó kọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú àkàsọ̀ ohùn tí gbogbo olórin mọ̀ ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n nínú àkàsọ̀ náà ìṣísẹ̀ kan gùn, òmíràn kúrú, ìka a sì máa yí ipò padà bí ó bá ti ń kúrò lórí okùn kan bọ́ sí orí òmíràn. Ševčík fi ìdajì ìṣísẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìka ti jókòó lórí okùn kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yóò jókòó lórí èkejì, àti ẹ̀kẹta, àti ẹ̀kẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìka yóò mọ àyè rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti mọ àkàsọ̀ ilé nínú òkùnkùn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò dùn. Kò sí orin nínú rẹ̀ rárá, bí kò ṣe ohùn mélòó kan tí ń lọ tí ń bọ̀ bí ẹni ń gún iyán. Ẹni tí ó bá wà ní yàrá kejì yóò fẹ́ fi ọwọ́ di etí. Ọdún mẹ́fà ni Jan fi wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1898, ìṣòro tí àwọn ẹlòmíràn ń bá pàdé lórí fáyólíìnì lójijì, òun ti bá a pàdé ní wẹ́wẹ́, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Àwọn ènìyàn tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn náà wí pé iṣẹ́ ìyanu ni. Kì í ṣe ìyanu lójú ẹni tí ó mọ yàrá tí a ti ṣe é.

ÒKÌKÍ

Ní ọdún 1898 kan náà, ó lọ sí Vienna, olú-ìlú ìjọba. Ní ọdún 1900, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Hans Richter, àgbà adarí orin, ti darí eré tí ó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Ní òpin ọdún 1901, ó kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ro ọgbà ní Michle kò tíì pé ọmọ ọdún 22 tí gbogbo ìlú ńláńlá fi ń du ìjókòó láti gbọ́ ọ.

Wọ́n ń pè é ní Paganini kejì. Paganini yìí jẹ́ ará Ítálì, a bí i ní ọdún 1782, ó sì kú ní 1840. Ohun tí ó ń fi fáyólíìnì ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìmọ̀kan fi ń wí pé ó ti bá èṣù dá májẹ̀mú. A máa fa okùn méjì pọ̀ kí ohùn méjì lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ọrun ti ń fa okùn kan, ìka ọwọ́ òsì a máa ta òmíràn. A sì máa fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ohùn lè jáde tíntín bí ti fèrè. Lórí irú orin báyìí ni Kubelík ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìka rẹ̀ kì í ṣìnà, ohùn rẹ̀ sì kún, ó mọ́ gaara.

Ní ọdún 1902, ẹgbẹ́ Philharmonic ti Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà wọn. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún yẹn tí ó wù wá ju wúrà náà lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olóhun-èlò orin ti Prague, tí a ń pè ní Czech Philharmonic, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kubelík mú wọn wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá wọn ta fáyólíìnì, ó sì jẹ́ kí ojú tí ń wo òun rí wọn pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe fún ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Marie Hall, tí ó ní ẹ̀bùn ṣùgbọ́n tí kò ní owó. Nígbà tí Kubelík gbọ́ bí ó ti ń ta fáyólíìnì, ó gbà á níyànjú pé kí ó lọ sọ́dọ̀ Ševčík ní Prague. Ọmọbìnrin náà lọ. Ó di olókìkí. Òun ni ó sì kọ́kọ́ ta orin tí Ralph Vaughan Williams pè ní "The Lark Ascending" fún gbogbo ènìyàn, ní ọdún 1920. Ọ̀pọ̀ ni ń gun àkàbà tán tí í gbé e sókè tọ ara rẹ̀. Kubelík fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1903, ó fẹ́ obìnrin ọlọ́lá kan, ará Họ́ngárì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ra ilé ńlá kan bí ààfin ní Býchory, nítòsí ìlú Kolín. Ọmọ ẹni tí ń bá ni tọ́jú ọgbà ti di ẹni tí a ń bá tọ́jú ọgbà. Ní ọdún 1910, ó tún ra fáyólíìnì kan tí wọ́n ń pè ní "Emperor," èyí tí Antonio Stradivari fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ní Cremona ní ọdún 1715. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tètè fi ohùn wọn sínú àwo giramafóònù. Ní ọdún 1913, ó bá olóhùn iyọ̀ nnì, Nellie Melba, ta "Ave Maria" tí Gounod gbé ka orí orin Bach, a sì gbà á sínú àwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ títí di òní: ohùn obìnrin náà ń lọ níwájú, fáyólíìnì ń tẹ̀lé e bí àbúrò. Òkìkí rẹ̀ kọjá ilé orin tó bẹ́ẹ̀ tí akéwì Amẹ́ríkà nì, Carl Sandburg, fi orúkọ rẹ̀ ṣe àkọlé ewì kan nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1916.

ẸJỌ́ TÍ A DÁ A

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe àríwísí orin ti ń sọ pé ìka Kubelík mọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í bá ìka náà lọ nígbà gbogbo. Wọ́n ní ó ń yani lẹ́nu ju bí ó ti ń pani lẹ́kún lọ. Fritz Kreisler ti Vienna dìde, ó ní adùn kan tí ń wọ inú ẹni. Ní ọdún 1917, ọmọ ọdún 16 kan láti Rọ́ṣíà, Jascha Heifetz, ta fáyólíìnì ní New York, iṣẹ́ ìka tí a fi ń pe Kubelík ní àràmàǹdà sì di ohun tí ọmọdé ń ṣe pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Àwa kò lè sọ pé gbogbo ẹjọ́ yìí ni kò tọ́. Ẹni tí a bá fi ọgbọ́n ìka yìn, ọgbọ́n ìka náà ni a ó fi dá a lẹ́jọ́, bí ẹni tí ó jù ú lọ bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń mọ ènìyàn.

Ó DI ẸNI TÍ Ń DÁ ORIN SÍLẸ̀

Nígbà tí ogun ńlá ti ọdún 1914 bẹ́, Kubelík kúrò lórí pèpéle, ó sì jókòó ti ìwé orin. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀. Kí ó tó fi ayé sílẹ̀, ó ti kọ kọnṣẹ́tò mẹ́fà, èyíinì ni orin ńlá tí fáyólíìnì kan yóò máa bá odindi ẹgbẹ́ olóhun-èlò sọ. Ó sì tún kọ sínfónì kan tí ó fi Amẹ́ríkà sọ lórúkọ, ní ọdún 1937.

Ó kọ ohun mìíràn pẹ̀lú tí ó yẹ kí a ṣàlàyé. Nínú kọnṣẹ́tò, àyè kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ a dákẹ́, tí olóhùn kan a sì dá dúró, a máa tún kókó orin náà rò ní ọ̀nà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ìlù ti í dá sọ̀rọ̀ kí àwọn omele tó tún gbà á. Láyé àtijọ́, ẹni tí ń ta fáyólíìnì ni yóò ronú ohun tí yóò sọ níbẹ̀. Kubelík kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún kọnṣẹ́tò Beethoven, àti ti Brahms, àti ti Tchaikovsky. Níbi tí àwọn ọ̀gá ti fi àyè sílẹ̀, ó dáhùn.

A kò ní tan yín jẹ: àwọn orin rẹ̀ kò rìn jìnnà. Ẹ ó wá wọn títí kí ẹ tó gbọ́ ọ̀kan lẹ́nu àwọn olórin òde òní. Ayé ti fẹ́ràn ìka rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ilé Býchory pàápàá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1916. Ó dùn ún tàbí kò dùn ún, iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí: ó tún gbé àpótí fáyólíìnì rẹ̀, ó tún rìnrìn àjò kiri ayé, ó sì ń kọ orin síbẹ̀. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ nítorí àtẹ́wọ́ nìkan ì bá ti jókòó.

ỌDÚN ÌKẸYÌN NÍ PRAGUE

Ní ọdún 1918, àwọn Czech àti àwọn Slovak gba òmìnira, wọ́n sì ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Ogún ọdún péré ni wọ́n fi jẹ ẹ́ ní àlàáfíà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, àwọn ìjọba ńlá jókòó ní Munich, wọ́n sì gé lára ilẹ̀ náà fún Hitler láìpe onílẹ̀ sí ìpàdé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 1939, ọmọ-ogun Jámánì wọ Prague. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn Czech pa.

Kubelík ń súnmọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ní ìlú tí a ti gbà yìí, láàárín ọdún 1939 sí 1940, ó dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ọ̀wọ́ eré kan, ó sì ta fún wọn nínú ohun tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Ẹ rò ó wò. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ pọ̀ ní Prague ní ọdún náà. Fáyólíìnì kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí aláṣẹ lè mú un sí. Ọmọ Michle tí ọba àti ìjòyè ti yìn dúró láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọjọ́ ìbànújẹ́ wọn, ó sì fún wọn ní ohun tí ó ní. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ń bèèrè bóyá ọkàn wà nínú títa rẹ̀, ibẹ̀ ni àwa yóò ní kí ó wò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940 ni ó ta fáyólíìnì kẹ́yìn ní gbangba. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ó dákẹ́ ní Prague, ní ẹni ọdún 60, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ikú Paganini. A sin ín sí itẹ́ Vyšehrad, lórí òkè tí ó wà létí odò Vltava, níbi tí Smetana àti Dvořák, àwọn àgbà olórin ilẹ̀ náà, ti sùn ṣáájú rẹ̀. Kò rí ọjọ́ tí a dá ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

BÍ Ọ̀GẸ̀DẸ̀ BÁ KÚ

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1914, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa àrólé Austria ní Sarajevo, a bí ọmọ kẹfà Kubelík ní Býchory, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rafael. Bí bàbá rẹ̀ àgbà ti kọ́ bàbá rẹ̀ ní fáyólíìnì, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kọ́ òun náà. Ní ọdún 1935, nígbà tí bàbá ń rìnrìn àjò ní Amẹ́ríkà, ọmọ ni ó jókòó ti píánò tí ó ń bá a gbè é.

Rafael di adarí orin, ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1942, a fi í ṣe olórí Czech Philharmonic, ẹgbẹ́ kan náà tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ogójì ọdún ṣáájú. Nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1948, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó ní òun ti rí ìfipá-ṣèjọba kan, òun kò fẹ́ gbé lábẹ́ èkejì. Ọdún 42 ni kò fi fi ẹsẹ̀ kan ilé. Ó darí orin ní Chicago, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Munich, ara rẹ̀ sì ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ kí ìjọba náà tó wó. Ní ọdún 1990, ó padà sí Prague, ó sì darí "Má vlast," iṣẹ́ Smetana tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Ilẹ̀ Bàbá Mi." Apá kìn-ín-ní iṣẹ́ náà ni a pè ní "Vyšehrad," orúkọ òkè tí a sin bàbá rẹ̀ sí.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí ni ó kù lẹ́yìn Jan Kubelík? Ilé ńlá Býchory kò kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ kò kù. Kọnṣẹ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dúró de ẹni tí yóò ṣí ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí olùtọ́jú ọgbà nì fi lé ọmọ ọdún 5 lọ́wọ́ ní Michle kò bọ́ sílẹ̀. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ, ó kọjá ogun méjì àti ìgbèkùn pípẹ́, ó sì padà wálé.

Ní ọdún 1996, Rafael náà kú ní Switzerland. Wọ́n gbé eérú rẹ̀ wá sí Vyšehrad, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀.